Ìtàn Ìgbésí-Ayé Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò ti Ìlọrin

Ìlapa Èrò
(a) Ìfáárà: ìdí tí a fi ń rántí Àfọ̀njá
(b) Ìlú rẹ̀ àti ìran rẹ̀
(d) Bí ó ṣe jẹ oyè Kakaǹfò
(e) Ìjà òun àti Aláàfin Aólẹ̀
(ẹ) Àlímì, Ṣólàgbérù àti àwọn jàmáà
(f) Ikú rẹ̀ àti ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ jáde
(g) Ìkádìí: ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa

Àròkọ

Bí ẹ bá dé àdúgbò Post Office ní ìlú Ìlọrin, tí ẹ dúró níbi tí àwọn ọlọ́jà ń pàtẹ, tí àwọn awakọ̀ sì ń pe èrò, oríṣiríṣi èdè ni ẹ ó máa gbọ́. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu èyí tí ó pọ̀ jù, ẹ ó sì gbọ́ Haúsá, Fúlàní àti Núpé pẹ̀lú. Yorùbá ni wọ́n jùmọ̀ fi ń ná ọjà, ṣùgbọ́n ọba ìlú náà, tí à ń pè ní Ẹ́míà, kì í ṣe ìran Odùduwà ní ìdí ilé baba rẹ̀. Ìran Àlímì, àlùfáà Fúlàní kan, ni. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe wá rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí àwọn Yorùbá tẹ̀dó, tí ó sì wà lábẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́ rí? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú ìtàn ọkùnrin kan. Àfọ̀njá ni orúkọ rẹ̀. Akọni ni, ògbójú ni, ọ̀tá kò sì rí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ogun. Síbẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí ó gba ayé lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó lè mọ Àfọ̀njá dáadáa, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìlú rẹ̀. Ìtàn sọ fún wa pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Òjó Ìṣẹ̀kúṣẹ̀ rí òkúta kan tí ó dára púpọ̀ láti pọ́n irin. Orí òkúta náà ni òun àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ irin wọn, láti inú ìlọ-irin yìí ni orúkọ Ìlọrin sì ti jáde. Òkúta náà ṣì wà ní àdúgbò Ìdí-Àpẹ títí di òní. Nígbà tí ó yá, Ládẹ̀rìn, baba ńlá Àfọ̀njá, dé, ó sì di olórí ibẹ̀. Ládẹ̀rìn ni ó bí Pàsín, jagunjagun gidi, tí ó kọ̀ láti tẹrí ba fún Baṣọ̀run Gáà ní àkókò tí Gáà ń fi ojú àwọn Aláàfin gbolẹ̀. Pàsín ni ó bí Alágbin, Alágbin sì bí Àfọ̀njá. Ẹ rí i pé ọmọ ogun ni, láti ilé ni ó sì ti bá a wá. Wọ́n tún sọ pé ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba ní Ọ̀yọ́. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ jagunjagun àti ẹ̀jẹ̀ ọba ni ó pàdé lára rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, kò sí oyè ogun tí ó ga ju Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò lọ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Kakaǹfò ni olórí àwọn 70 Ẹ̀ṣọ́, àwọn ọ̀gágun Aláàfin. Kì í ṣe oyè tí ènìyàn ń jẹ láti fi ṣe fáàrí. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ènìyàn jẹ ẹ́, wọn yóò fá orí rẹ̀ kodoro, wọn yóò sín gbẹ́rẹ́ 201 sí i lórí, wọn yóò sì fi oògùn ra á, kí ẹ̀rù má baà bà á mọ́ láyé. Awọ ẹkùn ni ó ń fi ṣe bàǹtẹ́, orí rẹ̀ náà ni ó sì ń jókòó. Kò gbọ́dọ̀ gbé inú ìlú kan náà pẹ̀lú Aláàfin. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ máa jagun sí ibikíbi tí ọba bá nà án sí. Bí ó bá sì lọ, láàrin oṣù mẹ́ta, ó ní láti ṣẹ́gun wálé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Oyè tí ikú àti ọlá jọ ń gbé inú rẹ̀ ni.

Nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún wàjà ní ọdún 1789, Aólẹ̀ ni ó gorí ìtẹ́. Ọ̀yọ́ ìgbà náà tóbi, ó sì ní ẹṣin púpọ̀ lójú ogun, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti ń jẹ. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ràn ara wọn, àwọn ọ̀gágun ìgbèríko sì ti ń rò ó pé àwọn ni àwọn gbé ọba dúró. Àkókò yìí ni Àfọ̀njá dìde pé òun ni kí wọ́n fi jẹ Kakaǹfò. Àwọn kan rò pé kò yẹ kí ọmọ ọba máa wá oyè tí ó rẹlẹ̀ sí ti ìran rẹ̀. Àfọ̀njá kò gbọ́. Ó fi agbára gba oyè náà lọ́wọ́ ọba tí kò fẹ́ fi fún un, ọba náà sì fi í jẹ nítorí kò sí bí ó ti lè ṣe. Láti ọjọ́ náà ni Aláàfin àti Kakaǹfò rẹ̀ ti ń fi ẹ̀rín bo ìbínú mọ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé Àfọ̀njá nìkan ni ó jẹ̀bi. Aólẹ̀ náà ní ìwà tirẹ̀. Ìtàn sọ pé kí ó tó jọba, nígbà tí ó ń ṣòwò kiri, ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sí oko ẹrú ní ọjà Àpòmù, wọ́n sì nà án nítorí ìwà burúkú yìí. Kò gbàgbé ẹgba náà. Nígbà tí ó di ọba, ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ogun lọ bá Àpòmù, títí Baálẹ̀ ìlú náà fi pa ara rẹ̀ kí ìlú rẹ̀ má baà parun. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí láàrin òun àti Baṣọ̀run Aṣàmú. Wọ́n gba ẹrù oníṣòwò Haúsá kan, Kùránì rẹ̀ sì wà nínú ẹrù náà. Ọba pàṣẹ pé kí wọ́n dá ìwé náà padà fún un, Baṣọ̀run sì sọ pé òun kò rí i. Ọ̀rọ̀ náà dun Aólẹ̀ wọnú egungun, nítorí ó rí i pé àṣẹ òun kò múlẹ̀ mọ́, àní ní ààfin òun pàápàá.

Níkẹyìn, Aólẹ̀ àti àwọn tí ó fọkàn tán gbìmọ̀ bí wọn yóò ṣe mú Àfọ̀njá kúrò lójú ọ̀nà láìfi ọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí ó lọ kó ìlú Ìwéré. Orí òkè ni Ìwéré wà, ó ṣòro púpọ̀ láti kó. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ìlú ìyá Aláàfin Àjàgbó ni, Kakaǹfò sì ti búra pé òun kò ní gbógun tì í láé. Bí Àfọ̀njá bá kọ̀, ó ṣàìgbọràn. Bí ó bá lọ, ó da májẹ̀mú. Bí ó bá lọ tí kò sì ṣẹ́gun, ikú ni. Ẹ wò ó bí wọ́n ti dẹ pàkúté náà. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè tí wọ́n ń bínú ọba, Baṣọ̀run Aṣàmú pẹ̀lú, ti bá Àfọ̀njá mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ogun dé ẹsẹ̀ Ìwéré, wọn kò gun òkè náà rárá. Wọ́n pa àwọn ẹmẹ̀wà ọba tí ó bá wọn wá, wọ́n yí padà, wọ́n sì dorí ọ̀kọ̀ kọ Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀.

Wọ́n dó ti olú-ìlú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí Aólẹ̀, èyí tí í ṣe àmì pé ará ìlú kò fẹ́ ẹ mọ́. Aólẹ̀ mọ ohun tí ó kàn, ó sì gbé májèlé jẹ ní nǹkan bí ọdún 1796. Ìtàn sọ pé kí ó tó kú, ó bọ́ síta, ó ta ọfà sí oríṣiríṣi ìhà ayé, ó sì fi àwọn ọmọ Yorùbá gégùn-ún pé ìhà tí ọfà òun lọ ni wọn yóò máa kó wọn lẹ́rú lọ. Ó la àwo mọ́lẹ̀, ó fọ́ yángá, ó ní gẹ́gẹ́ bí àwo náà kò ti ṣe é tò padà mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òun kò ní ṣe é mú padà. Bóyá ègún ni ó jà ni o, bóyá ìwà àwọn tí ó ṣẹ́kù ni o, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà bá ọ̀rọ̀ náà mu.

Nígbà tí Aólẹ̀ kú tán, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì fi Adébọ̀ jọba. Àfọ̀njá padà sí Ìlọrin, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé òun kò sin Ọ̀yọ́ mọ́. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣe irú èyí láàrin àwọn ìjòyè ńlá. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi tẹ̀ lé e. Ọ̀pẹ̀lẹ́, Baálẹ̀ Gbògùn, náà kọ̀, ó ní òun dá dúró. Àwọn ìlú kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìṣákọ́lẹ̀ wọn dúró. Adébọ̀ kò lò ju oṣù díẹ̀ lọ lórí ìtẹ́, Mákùú tí ó tẹ̀ lé e kò sì pẹ́ jù ú lọ. Lẹ́yìn náà, ọdún púpọ̀ kọjá tí àṣẹ ọba kò jinlẹ̀ rárá. Àfọ̀njá ní tirẹ̀ ń gbógun ti àwọn ìlú àyíká, ó ń kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ wá sí Ìlọrin, Ìlọrin sì ń tóbi. Ìlú tí ó jẹ́ ìlú kékeré tẹ́lẹ̀ di odi agbára tí Ọ̀yọ́ kò lè kó.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kẹ̀yìn sí ọba rẹ̀ ní láti wá ohun tí yóò fi ẹ̀yìn tì. Àfọ̀njá mọ̀ pé bí àwọn ọ̀gágun Ọ̀yọ́ bá para pọ̀, wọ́n lè ká òun mọ́. Ní àkókò yìí, ìròyìn ogun ẹ̀sìn ti gba ilẹ̀ Haúsá kan. Usman dan Fodio ti bẹ̀rẹ̀ jíhàdì rẹ̀ ní ọdún 1804, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì ti ṣẹ́gun àwọn ọba ilẹ̀ Haúsá. Àfọ̀njá ránṣẹ́ sí Àlímì, àlùfáà Fúlàní kan, pé kí ó wá bá òun gbé ní Ìlọrin, kí ó máa gbàdúrà fún òun. Ó tún pe Ṣólàgbérù, Yorùbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí olówó. Ṣólàgbérù wá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì tẹ àdúgbò Òkè-Sùúnà dó sí ìta ìlú. Ìkẹta ni èyí tí ó lágbára jù. Ní nǹkan bí ọdún 1817, Àfọ̀njá jẹ́ kí ó di mímọ̀ pé ẹrú Haúsá èyíkéyìí tí ó bá sá wá bá òun ti di òmìnira. Àwọn ẹrú wọ̀nyí pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn ni wọ́n ń da màlúù, àwọn ni wọ́n ń fi okùn ṣe iṣẹ́, àwọn ni wọ́n ń fárí fún ènìyàn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìròyìn yìí, wọ́n fi olówó wọn sílẹ̀, wọ́n ya lọ sí Ìlọrin bí omi. Àfọ̀njá fi wọ́n ṣe ọmọ-ogun, wọ́n sì ń pe ara wọn ní jàmáà.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Kò burú kí ẹrú di òmìnira. Ohun tí ó burú ni pé Àfọ̀njá fún wọn ní idà láìfún wọn ní òfin. Àwọn jàmáà ń wọ òrùka lọ́wọ́ láti fi dá ara wọn mọ̀, wọ́n sì di ẹgbẹ́ kan tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń lọ kó ìlú, wọ́n ń kó ẹrù, àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú sì ń kó ọmọ ẹlòmíràn lẹ́rú. Ní ọdún 1821, irú ọmọ-ogun bẹ́ẹ̀, tí àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní àti àwọn ẹrú tí ó sá wà nínú rẹ̀, kó ìlú Òṣóògùn. Wọ́n mú ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Àjàyí, òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Pọtogí ní ọdún 1822, kí àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀. Àjàyí náà ni ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní ọdún 1864. Orí bá a ṣe é. Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni a kò gbọ́ orúkọ wọn mọ́?

Àwọn ìjòyè rí ewu tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó láyà láti là á mọ́ Kakaǹfò lójú. Ìtàn sọ pé Fágbohùn, olórí Jàbàtá, nìkan ni ó kìlọ̀ fún Àfọ̀njá pé kí ó káwọ́ àwọn jàmáà kò kí wọ́n tó di ohun tí apá kò ní ká mọ́. Inú bí Àfọ̀njá sí i tó bẹ́ẹ̀ tí Fágbohùn fi ní láti sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ rí i pé ìkìlọ̀ kò wọ́n Àfọ̀njá. Etí tí yóò fi gbọ́ ọ ni kò sí.

Nígbà tí ojú rẹ̀ yóò fi là, ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn jàmáà kò gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ Àlímì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni ọkàn wọn wà. Àfọ̀njá pinnu láti tú wọn ká. Ó ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ sí Oníkòyí àti àwọn ọ̀gágun ilẹ̀ Yorùbá mìíràn pé kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́. Àṣírí tú. Kí ìrànlọ́wọ́ tó dé, àwọn jàmáà ti ká a mọ́ ilé rẹ̀ láàrin ọdún 1823 sí 1824. Ó retí Ṣólàgbérù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣólàgbérù kò gbé ẹsẹ̀ kúrò ní Òkè-Sùúnà. Àwọn tirẹ̀ ń sá lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àfọ̀njá kò sá. Ó jà títí agbára rẹ̀ fi pin. Wọ́n sọ pé ọfà tí ó wọ̀ ọ́ lára pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò fi lè ṣubú lulẹ̀, àwọn ọfà náà ni wọ́n gbé e ró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dáná sun ún ní gbangba. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ayé ń bẹ̀rù ṣe di eérú nínú ìlú tí òun fúnra rẹ̀ sọ di ńlá.

Àlímì kò jọba ní tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Abdulsalami, ni ó di Ẹ́míà àkọ́kọ́, ó sì gba àsíá lọ́wọ́ àwọn aṣáájú jíhàdì. Ṣólàgbérù tí ó káwọ́ gbera kò jèrè rẹ̀, nítorí Abdulsalami yí padà sí òun náà, wọ́n pa á, wọ́n sì ba Òkè-Sùúnà jẹ́. Tóyèjẹ, Baálẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó jẹ Kakaǹfò lẹ́yìn Àfọ̀njá, kó àwọn Yorùbá lọ gbẹ̀san ní ogun Ògèlé, ṣùgbọ́n wọn kò borí. Ní nǹkan bí ọdún 1836, Aláàfin Olúewu kú sí ogun Eléduwẹ̀, Ọ̀yọ́-Ilé sì dahoro. Àwọn ará rẹ̀ fọ́n ká lọ sí ìhà gúúsù, níbi tí Ọ̀yọ́ wà lónìí. Ọdún 1840 ni àwọn ará Ìbàdàn tó dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo.

Kí ni kí a wá sọ nípa Àfọ̀njá? Akíkanjú ni, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn èyí. Òun ni ó sọ Ìlọrin di ìlú ńlá, àwọn èdè tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀ lónìí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé níbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀sìn ni ó pa á, nítorí òun ni ó pe àlùfáà wá. Kì í sì í ṣe àlejò nìkan ni ó pa á, nítorí Ṣólàgbérù tí ó fi í sílẹ̀ jẹ́ Yorùbá bíi tirẹ̀. Ohun tí ó pa á ni pé ó kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń ṣọ̀tẹ̀ sí ọ̀gá ẹni, ó sì rò pé wọn kò ní fi ẹ̀kọ́ náà bá òun lò. Ó da májẹ̀mú tí ó wà láàrin òun àti Aláàfin, nígbà tí ọjọ́ ìṣòro dé, kò sí májẹ̀mú kan tí ó lè dì mú. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, tí ẹ ó di olórí lọ́la ní ilé, ní ilé-ìwé, ní ibi iṣẹ́ tàbí ní ìlú, ẹ fi ti Àfọ̀njá kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá ní ẹjọ́ pẹ̀lú ọ̀gá yín, ẹ wá ọ̀nà tí ẹ ó fi parí rẹ̀ láìwó ilé tí gbogbo yín jọ ń gbé. Bí ẹnìkan bá kìlọ̀ fún yín, ẹ má ṣe lé e jáde. Kí ẹ sì rántí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.